Orúkọ Keje

Ìwé náà ti pọ́n bí ewé kòkó tó já lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Ikán jẹ igun rẹ̀ kan, kò dé ibi tí yíǹkì wà.
Èmi ni mo fà á yọ lábẹ́ àpótí ẹ̀wù Misà
lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́, kí n lọ sinmi,
lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
tí mo ti ń lọ ara mi mọ́ ojú pátákó bíi ṣọ́ọ̀kì.

Orúkọ mọ́kànlá ló wà lójú ewé kìíní.
Fadá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, Fadá tó ti ìlú olójò wá,
tí ohùn Yorùbá ń yọ̀ mọ́ lẹ́nu bí ilá.
Òun ló dúró níwájú àwọn ìyá ìjọ Àgùdà
tó ní kí oníkálukú mú ọkọ rẹ̀ wá sórí òkè lọ́la,
kí wọ́n wá fi gbẹ́lẹ̀.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.
Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú méjèèjì wá:
ọkọ́ léjìká, ọkọ níwájú.

Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òkúta tí Bíṣọ́ọ̀bù bu omi ìbùkún wọ́n;
nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù fi máa dé Iléṣà, ògiri ti ga ju orí lọ.

Bàbá Gírẹ́górì kò mọ̀wé. Òṣómàáló ni,
gbèsè aṣọ láti Ìkìrun dé Ọ̀fà, orí ló ń kó o sí,
èyí tí orí kò bá gbà, á fi èédú fa ìlà rẹ̀ sára ògiri.
Ó rí ọmọ rẹ̀ tó kọ ẹgbẹ̀rún sórí síléètì,
òǹkà mẹ́rin péré, ó parí.
Ó dákẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ogún páànù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù.
Kò béèrè owó rẹ̀ títí ó fi kú.
Òṣómàáló tí kò lóṣòó, ẹ ti rí i rí?

Ẹ jẹ́ n padà sínú ìwé.
Ìkíní, Bẹnẹdíìtì Fápohùndà: ó di tíṣà.
Ìkẹta, Ìsídọ̀ Aríyìbí: ibà. Fadá fa àgbélébùú kékeré sí i.
Ìkeje, Filomínà Ẹ̀fúnyẹmí:
kálàmù fà á já láàárín, tààrà.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó kọ: *Wọ́n ti mú un lọ sílé ọkọ.*
Ọkọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣì í kọ.

Ìyá ìyá mi ni.
Oṣù mẹ́rin ló lò lábẹ́ igi obì yẹn,
lẹ́tà F nìkan ló rí mú bọ̀.
Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sí ìdí odó,
ó fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ sára igbá,
àwa ọmọ-ọmọ rò pé àmì ìdílé wa ni.

Ohun tó kù, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.
Àwọn Sísítà dé, ilé àwọn ọmọbìnrin dìde.
Ìjọba gbà á, wọ́n kun orúkọ ẹni mímọ́ ní ọ̀dà funfun;
bí òjò bá rọ̀, orúkọ náà á tún yọjú.
Ìjì ká òrùlé kíláàsì mẹ́ta, ewúrẹ́ gba ìwé mẹ́fà níbẹ̀.
Wọ́n dá a padà. Báyìí, ẹgbẹ̀rún ọmọ ó lé,
kọ̀ǹpútà ló ń to orúkọ wọn, kò ní yíǹkì tó ń ṣàn.

Sísítà ọ̀gá fẹ́ fi ìwé náà sínú gíláàsì fún ayẹyẹ ọdún tó ń bọ̀.
Ó ní kí a ṣí i sí ojú ewé mìíràn,
pé ìlà tí wọ́n fà yẹn kò dùn ún wò.
Mo ní rárá, Sísítà, ibẹ̀ gan-an.
Agogo Áńjẹ́lọ̀sì lù, ó dìde, ó lọ gbàdúrà.
Èmi kò dìde. Mo ń fi ìka tọ ìlà náà
bí ẹni ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò.