Orúkọ Tí Kò Sí Nísàlẹ̀ Àwòrán

Mosúnmọ́lá ló fi eré náà sórí fóònù mi
lọ́jọ́ tó ń padà sílé-ìwé.
Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ máa fi dára yá."
Yàrá kan ni, ẹrù kún un dé àjà,
orúkọ nǹkan mẹ́wàá wà nísàlẹ̀ àwòrán.
Wá kọ́kọ́rọ́. Wá ìbọ̀wọ́. Wá ológbò.
Mo wọ gíláàsì mi, mo jókòó sábẹ́ máńgòrò
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́: eré náà dùn.
Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo wà lókè eèpẹ̀,
ojú tí dókítà fabẹ kàn lẹ́ẹ̀mejì
tún wá mú bí ojú àwòdì.
Mo rí ẹja nínú irun obìnrin kan,
mo rí abẹ́rẹ́ nínú irùngbọ̀n,
mo rí agbòjò tó sọ ara rẹ̀ di ẹsẹ̀ tábìlì.
Òru tí mo fi ń ka igi àjà tẹ́lẹ̀
ti ríṣẹ́ ṣe.
Kò sì sẹ́ni tó ń jágbe mọ́ mi bí mo bá ṣì í.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Ó ní i.
Ìràwọ̀ kékeré kan wà ní igun,
tí mo bá fọwọ́ kàn án, a ṣòfófó ibi tí nǹkan wà.
Ìgbà mẹ́ta péré. Ẹ̀kẹrin, a ní kí n sanwó.
Ẹ gbà mí o, owó ká tó fojú ara ẹni ríran!
Yàrá àná ni wọ́n tún máa ń gbé wá lónìí,
wọ́n á kàn sún ológbò sórí àga.
Kò sì sí ohun ilé wa kankan níbẹ̀,
kò sí orógùn, kò sí ajẹ̀rẹ̀, kò sí kóró kaṣú kan.
Wọ́n ní n wá dùùrù.
Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa tóbi ju ìlẹ̀kùn lọ;
èyí tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ jọ ọrun ọdẹ.
Báwo ni n ó ṣe dá a mọ̀ nígbà tó sá pamọ́,
èmi tí n ò rí i rí nígbà tí kò sá?

Ogójì ọdún ni Oyètáyọ̀ fi tún aago ṣe ní Tákié.
Ìdè tí kò tó hóró yanrìn,
bó bá já bọ́, ojú rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délẹ̀.
Ní báyìí òun ló ń fi nǹkan pamọ́.
Mo bá bàtà nínú àmù,
mo bá eyín rẹ̀ nínú gàrí.
Bí mo bá bi í, a ní, "Olè pọ̀ ládùúgbò."

Eré yẹn ló là mí lóye, n ò ní purọ́.
N kì í wo ibi tí nǹkan yẹ kó wà mọ́;
àwọ̀ tí kò bá ẹgbẹ́ mu ni mò ń wò,
igun tó yọ sóde díẹ̀.
Níjẹta mo fa ìwé ilẹ̀ wa yọ nínú ikùn rédíò.
Mo kígbe. Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ fún mi
bí ẹni pé òun ló ni eré.

Ṣùgbọ́n kò sí ìràwọ̀ ní igun ilé wa,
kò sẹ́ni tó to orúkọ ohun tó sọ nù sísàlẹ̀.
Láàárọ̀ yìí ó tẹjú mọ́ mi
bí mo ṣe tẹjú mọ́ dùùrù yẹn.
Ó ní, "Ìyá, ta lẹ ń wá?"

Nǹkan kan ṣì wà tí n ò fẹ́ nínú eré náà:
ohun tó o bá rí, tó o fọwọ́ kàn,
a tàn yẹ̀rì, a sì pòórá.
Irú rírí wo nìyẹn?
Mo fọwọ́ kan èjìká ọkọ mi.
Ó ṣì wà níbẹ̀.
Máńgòrò kan já bọ́ lẹ́yìn wa, gbì!
Àwa méjèèjì yíjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.