Ilá Mẹ́ta Lókè Ilẹ̀kùn

Òdòdó lílì mẹ́ta ni baba ńlá wa ní kí wọ́n gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn,
ní Gwalior, lẹ́bàá ojú irin.
Òjò ti fọ ewé wọn lọ.
Ohun tó kù gùn, ó rí ṣóńṣó lórí,
àwọn ọmọ àdúgbò wò ó, wọ́n ní ilá ni.
"Ẹ lọ ra ẹyin nílé onílá mẹ́ta":
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń júwe ilé ọmọ ọba Faransé.

Ẹyin là ń tà, àti adìẹ tó bá ti darúgbó.
Bàbá mi, Baltasar Lorval,
ń ka ẹyin ní èdè Híńdì,
ó ń gbàdúrà ní Látìn tí kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀,
ó ń bú àkùkọ ní Úrúdù,
ó ní èébú kì í dùn ní èdè mìíràn.
Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ lálẹ́,
á fọwọ́, á nu ún gbẹ,
á ṣí agolo bísíkíìtì tó ti dípẹtà,
á fa ìwé kan yọ tí ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan,
á ní, "Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ aládé."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ yọ àbúrò lójú nítorí oyè.
Ìyá wọn fi àbúrò pamọ́ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ja oníyọ̀.
Àwọn olè orí òkun mú un, wọ́n tà á
(lọ́dún mìíràn bàbá á fo ibi títà yìí, á wúkọ́),
ó mọ bí a ti ń rọ àgbá ìbọn, ó fi ra ara rẹ̀ padà,
ó dé iwájú ọba àwọn Múgálì tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ọba fún un ní ẹṣin, ó fún un ní ilẹ̀, ó fún un ní ìyàwó.
Ẹṣin kú. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.
"Ìyàwó ló kù," ni màmá mi máa ń fi dá a lóhùn,
ọmọ amọ̀kòkò láti Datia,
tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì láìgbójú sókè.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Tiwa jó lókèèrè.
Ẹwà náà kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Lọ́dún tí mo pé mọ́kàndínlógún, ọkùnrin kan dé láti Lyon,
òógùn bo gíláàsì ojú rẹ̀,
ó ń tọpa ìran àwọn ọlọ́lá tó sọnù.
Itọ́ ló ní òun fẹ́.
Bàbá tu páànì ẹnu rẹ̀ dànù, ó fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta,
síbẹ̀ itọ́ náà pọ́n díẹ̀.
"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, "ẹ̀jẹ̀ ọba ni."
Oṣù mẹ́rin. Ó kun ilẹ̀kùn ní búlúù.
Ó ra àga kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé.

Èmi ni mo gba lẹ́tà náà. Mo kà á lẹ́yìn ilé adìẹ.
Okùn tó ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ bàbá, wọ́n ní,
kò gba Faransé kọjá rárá.
Etíkun Mòsáńbíìkì ló lọ já sí,
níbi tí àwọn Potogí ti ń kó ènìyàn sínú ọkọ̀.

Ẹnìkan rékọjá òkun lóòótọ́, nígbà náà.
Ẹnìkan dúró níwájú ẹni tó ń rà á, láìní bàtà,
bóyá ó tilẹ̀ mọ iná, ó mọ irin.
Ta ló kọ́kọ́ dé e ládé? Ọmọ rẹ̀ ni?
Àbí ìyàwó rẹ̀ ni, lálẹ́ ọjọ́ kan
tí àwọn aládùúgbò ń bi í pé,
ọkọ rẹ yìí, níbo gan-an ló ti wá?

Bàbá bi mí, "Kí ni wọ́n kọ?"
Mo ní, "Wọ́n ní òótọ́ ni pé wọ́n tà á."
Ó dúró, ẹyin méjì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Ó wúkọ́.
"Ìyókù ńkọ́?"

Ọmọ kan dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú owó ẹyin mẹ́fà,
ó gbójú sókè wo ilá mẹ́ta, ilé yìí náà ni,
ó wọlé.