Àpótí Igba Ó Lé Mẹ́rìnlá

Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ ọ ní àárín ìlú,
nígbà tí kùsà èédú ṣì ń bọ́ Harlow Gap ní Pẹnsilféníà,
tí ọwọ́ dúdú kì í ṣe ẹ̀gàn ẹnikẹ́ni.
Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ẹyẹ idì onírin lókè ilẹ̀kùn,
apá rẹ̀ ọ̀tún ti kán kí wọ́n tó ṣí i.

Bàbá ìyá mi, Štefan Hudák, ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀.
Ó ní àwọn obìnrin máa ń wá ní òwúrọ̀ Sátidé,
yìnyín ní bàtà wọn,
wọn á fi owó tí ọkọ wọn wa jáde lábẹ́ ilẹ̀
ránṣẹ́ sókè òkun, sí ìyá tí wọn kò ní rí mọ́.

Àpótí igba ó lé mẹ́rìnlá ni ti opó Zuzana Petrik.
Gbogbo ọdún ogun, ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó;
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ihò náà tán.
Lọ́jọ́ tí ìwé dé, ti ìjọba ni.
Kò ṣí i. Ó ní kí bàbá àgbà bá òun mú un dání,
kí òun lọ ra iyọ̀ ná.
Kò padà.

Kùsà gbẹ. Wọ́n yọ àkọlé, wọ́n gbé ti aláìníṣẹ́ kọ́.
Àwọn ọkùnrin kan náà tó ti tò sí fèrèsé kejì láti fi owó ránṣẹ́
tún tò síbẹ̀ láti gbà á,
wọn kò wo ojú ara wọn.
Lẹ́yìn náà, ẹyẹlé àti òjò.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Tiwa kò jó. Ó kàn ń rà díẹ̀díẹ̀
bí eyín tí olówó rẹ̀ kò rówó yọ ọ́.

Altagracia Ureña ló gbà á lọ́wọ́ ẹyẹlé.
Yàrá irin tí wọ́n ń ti sítáǹbù mọ́, ibẹ̀ ni ààrò rẹ̀ wà.
Búrẹ́dì ló ń kó sínú àwọn àpótí báyìí;
ẹni tó bá ti san owó oṣù ló ní kọ́kọ́rọ́.
Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí idẹ á ti gbóná.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ta igba ó lé mẹ́rìnlá.
Mo sọ ìdí rẹ̀. Ó nu ìyẹ̀fun sára aṣọ, ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa san án."
Èmi ni mo ń san án.

Ìwé náà ṣì wà nílé, nínú agolo bisikíìtì bàbá àgbà.
N kò ṣí i. Kì í ṣe tèmi.
Obìnrin náà ní òun ń lọ ra iyọ̀.