Ìwọ̀n Àpáta

Òyìnbó náà jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ òkè Ògìdì,
ó ń fi lẹ́ẹ̀dì ya àpáta,
ó ya àfọ́kù ìkòkò, ó ya ojú ọlọ
tí àwọn ìyá wa lọ̀ títí ó fi jìn bí àwokòtò.

Ó ní kí Olúkòtún, tó bá a ru ẹrù láti Kàbà,
lọ dúró ti òkúta,
kí àwọn ará ilé òun lè mọ bó ṣe ga tó.
Ó dúró. Oòrùn pa á. Ìrùmì ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Mo rí ìwé náà lọ́dún yìí.
Orúkọ òkè wà níbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ.
Nídìí rẹ̀, ìlà kékeré kan, bí èèrà tó nàró.

Bàbá bàbá mi nìyẹn.
Mo fi èékánná wọ̀n ọ́n:
kò tó o.