Ohun Tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Òmù-Àrán

Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún Dókítà Ṣítù:
aago mélòó, ẹ̀jẹ̀ tó ife mélòó,
ó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni, àbí ó kúnlẹ̀.
Bẹ́ẹ̀dì onírin la bá ní wọ́ọ̀dù;
kò sẹ́ni tó bi í rí
ìdí tí ẹni tó ń rọbí fi gbọ́dọ̀ máa wo àjà.

Lóru Àlàmísì, iná lọ.
Ṣẹ̀fíátù ará Ìpetu kọ bẹ́ẹ̀dì.
"Ilẹ̀ ni mo fẹ́."
A tẹ́ ẹní. Wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́.
Ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó kúnlẹ̀,
ọmọ yọ bí àgbàdo nínú háhá.
Ẹ̀jẹ̀: ife kan, kò kún.

Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé.
Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ ara wa láti kékeré.
Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́;
ẹ̀yìn wa ló gbàgbé.

Dókítà ní ẹnìkan kò tó ẹ̀rí.
Òótọ́ ni. Ó ku igba obìnrin.
Mo fa ìlà sójú ewé tuntun.
Ní yàrá kejì, ẹnìkan ti ń pe ìyá rẹ̀.