Mo Ń Ka Ìṣẹ́jú Àáyá

Èmi ni wọ́n fún ní aago.
Bàbá wà lójú òkun níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja sámọ́nì,
ìyá ń di orí Ailín mú kó má baà gbá ilẹ̀,
èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta…
Bó bá dé ọgọ́sàn-án, kí n sáré lọ pe Edelmira,
òun nìkan ló ní ọkọ̀ ládùúgbò wa.

Ní Chiloé, òjò kì í dá bọ̀rọ̀.
Àwọn àgbà ní ojú burúkú ló bà lé ọmọ náà.
Ìyá-ìyá mi so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.
Òwú náà ṣì wà níbẹ̀, a ò já a.
Oògùn wà lórí tábìlì, a ò sì yéé lò ó.

Oògùn àkọ́kọ́ mú un sùn bí òkúta ìsàlẹ̀ odò.
Ìkejì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀:
ó wo ajá wa, ó wò ó títí,
kò rántí pé Kalfu ni à ń pè é.
Ìkẹta sọ ọ́ di ẹkùn. Ó bu ìyá jẹ léjìká,
ó wá bú sẹ́kún, ó ní òun kọ́.
Síbẹ̀ gìrì ń wọlé,
bí àlejò tó mọ ibi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí.

A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Puerto Montt.
Dókítà Oyarzún bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, kò tètè sọ̀rọ̀.
Ó ní, “N kò ní purọ́ fún yín.
Bí oògùn méjì bá ti kùnà, ìyókù kì í sábà borí.
Ṣùgbọ́n a óò gbìyànjú.”
Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ó wo èmi náà lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

Òróró ni ìkẹrin, nínú ìgò dúdú,
owó rẹ̀ ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bàbá lọ.
Ìyá ń fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á,
á gbé e sókè síbi iná, á wò ó
bí ẹni tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lálẹ́:
ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ lé, ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ dín.
Ago méje àárọ̀. Ago méje alẹ́.
Ailín á yọ ahọ́n, á ní ó ń rùn bí epo àtùpà.

Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mo ń kọ ọ́ sí:
oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún lọ́sẹ̀ kan;
oṣù karùn-ún, mẹ́rìndínlógún;
oṣù kẹfà, mẹ́sàn-án;
oṣù keje, mọ́kànlá.
Ìyá fa ojú ìwé yẹn ya.
Nígbà tó di òru, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ padà.

N kò mọ àdúrà gígùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé
lánàá, mo ka dé ogójì, ara rẹ̀ rọ̀.
Ó lajú. Ọ̀dùnkún ń hó lórí iná.
Ajá wọlé, omi òjò ń kán lára rẹ̀,
Ailín na ìka sí i, ahọ́n rẹ̀ wúwo:
“Ka… Ka…”
A dúró.
Aago ṣì ń sáré lọ́wọ́ mi. N kò rántí pa á.