Ó Ku Ẹnì Kan

Ìwé pélébé náà ti wà lábẹ́ ife tíì mi láti ọjọ́ Ajé:
Yankari, ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn méjìdínlógún,
oúnjẹ ń bẹ, afinimọ̀nà ń bẹ,
ẹ sáà gbé aṣọ ìwẹ̀ yín dání.
Àmì ife ti yí erin tí wọ́n yà síbẹ̀ ká
bí ẹni fi okùn dè é mọ́lẹ̀.

Mosúnmọ́lá ti san tirẹ̀.
Ó pè mí láti Gwarinpa, ó ní:
"Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.
Ìwọ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
tí orúnkún rẹ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
ta ló rán ọ pé kí o máa dá rìn lójú ọ̀nà Bauchi?"

Òótọ́ ni. Mi ò jiyàn.
Nígbà tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun ní Gwagwalada
mo lè wọ ọkọ̀ ní Zuba lálẹ́,
kí n sùn lé èjìká ẹni tí n kò mọ̀ rí,
kí n jí ní Jos, kí bàtà mi sì pé méjì.
Ní báyìí, kí n tó dé Keffi
ọmọ mi á ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin:
"Màámi, ẹ ti dé ibo? Ta ló jókòó tì yín?"

Ṣùgbọ́n mo ti bá ẹgbẹ́ lọ rí.
Gurara, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí omi kún.
Bitrus ló mú wa lọ, ọmọ dáadáa,
fèrè ń mì lọ́rùn rẹ̀ bí ti rẹfirí.
Ó kà wá lẹ́nu ọ̀nà, ó kà wá létí omi,
ó kà wá nígbà tí a tọ̀ tán.
Ogún ìṣẹ́jú ló fún odò.
Fọ́tò gba méjìdínlógún níbẹ̀.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni pé omi náà kì í ṣe ohùn kan,
pé lábẹ́ èyí tó ń bú ramúramù
kékeré kan wà, bí ẹni ń fọ àwo ní yàrá kejì,
fèrè dún.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Bitrus yá wa lójú, mi ò ní sẹ́ ẹ:
òun ló mọ òkúta tó ń yọ̀,
òun ló mọ ẹni tí à á kí kí a tó kọjá.
Àmọ́ ojú tí a yá,
a ó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Akwanga.
Táyà bẹ́, ilẹ̀ ṣú, awakọ̀ rìn lọ kò tètè dé.
Obìnrin kan tó ń dín máásà, Ladi,
tẹ́ ẹní fún mi lẹ́yìn ààrò rẹ̀.
Hausa mi nígbà yẹn kò ju "ina kwana" lọ,
òru sì ni. Mo kí i ní "ẹ káàárọ̀" nínú òkùnkùn.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ẹ̀fọn jẹ mí. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́.
Ibi tí mo ń lọ lọ́jọ́ náà, mo ti gbàgbé.
Ẹ̀rín yẹn ṣì ń jí mi nígbà mìíràn.

Àárọ̀ Ẹtì, Jabi. Ọyẹ́ ti la ètè mi.
Bọ́ọ̀sì funfun wà lápá ọ̀tún,
Mosúnmọ́lá ti fi àpò gba àyè sílẹ̀ dè mí,
ó ń juwọ́ lójú fèrèsé.
Lápá òsì, Golf kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí,
èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, ewúrẹ́ kan nínú búùtù,
ọmọkùnrin kan ń ké sí gbogbo ayé:
"Bauchi! Bauchi! Saura mutum ɗaya!"

Ó ku ẹnì kan.
Bitrus náà gbójú sókè lára ìwé rẹ̀,
ó ní, ó ku ẹnì kan.

Mo dúró láàárín, báàgì lọ́wọ́.
Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì,
èyí ni ìgbà àkọ́kọ́
tí ibi méjì ń dúró dè mí.